Wáìnì Wo Ni Ká Gbé Sórí Tábìlì Thanksgiving? Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Tí Tòlótòló Ti Ń Pàdé Jọ̀lọ́ọ̀fù

Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé báyìí, ìbéèrè kan náà ni ará ilé, ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ máa ń bi mí: "Wáìnì wo ni kí n rà?" Àwọn kan tilẹ̀ máa ń pè mí láti inú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ń sunkún nínú kẹ̀kẹ́ ọjà, àtẹ ìgò wáìnì sì nà lọ rẹrẹ níwájú wọn. Thanksgiving àwọn ará Amẹ́ríkà ni mò ń sọ o, ti Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá, kì í ṣe ìdúpẹ́ tí a máa ń jó lọ síwájú pẹpẹ.

Ìdáhùn mi kì í yí padà: ẹ má fi tòlótòló yan wáìnì. Tòlótòló kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹran tó rọra ń jẹ́ tirẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ wáìnì ló lè bá a lọ. Àwọn tó yí i ká lórí tábìlì ni kí ẹ wò: ọbẹ̀ cranberry (èso pupa wẹ́wẹ́ kan) tó dùn tó tún kan, ọ̀dùnkún tí wọ́n da ṣúgà bò, stuffing (búrẹ́dì tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ sè) tó kún fún àlùbọ́sà àti ewé olóòórùn tí wọ́n ń pè ní sage, makaróònì oníṣíìsì. Nílé tiwa, ẹ fi jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ̀fọ́ rírò, dòdò àti ata rodo tí Màmá kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni dín kù kún un. Ata àti ṣúgà ló ń ba wáìnì jẹ́ lẹ́nu. Àwọn méjèèjì ni kí ẹ fi yan wáìnì.

Bí ẹ bá ń kánjú

Bó bá jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù lẹ ti ń ka èyí, ẹ mú mẹ́ta yìí kí ẹ máa lọ sílé:

- Riesling, wáìnì funfun, èyí tó dùn díẹ̀, tí ọtí inú rẹ̀ kò ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ
- Beaujolais-Villages, wáìnì pupa fẹ́lẹ́ láti ilẹ̀ Faransé
- Wáìnì tó ń hó, irú Cava, tí wọ́n kọ Brut (ṣúgà rẹ̀ kéré) sí lára

Ẹni tó bá ráyè jókòó, ẹ jẹ́ ká lọ.

Kí ẹ tó jáde nílé

1. Ẹ kọ oúnjẹ sílẹ̀ bí yóò ṣe wà lórí tábìlì gan-an. "Tòlótòló àti àwọn nǹkan míì" kò tó. Ẹ pe Àǹtí tó ń gbé àsun bọ̀, ẹ béèrè bí ata rẹ̀ yóò ṣe tó. Ẹ fi àmì kan sí gbogbo ohun tó ní ata, ẹ fi òmíràn sí ohun tó ní ṣúgà. Bí àmì ata bá ti ju mẹ́ta lọ, wáìnì funfun tó dùn díẹ̀ ni kó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ó rà.

2. Ẹ ka àwọn tó ń mu, ẹ má ka àwọn tó ń bọ̀. Ìgò kan jẹ́ mílílítà 750, gíláàsì 5 ló sì ń jáde nínú rẹ̀ bí ẹ bá ń bu 150 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì 3 ni mo máa ń kà fún àgbàlagbà kan, torí pé a ó jókòó láti ọ̀sán títí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yóò fi parí lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí ènìyàn 14 bá ń bọ̀, tí 9 nínú wọn ń mu, gíláàsì 27 nìyẹn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgò 5 àti àbọ̀. Ẹ ra 7. Èyí tí ẹ kò bá ṣí kò ní bàjẹ́.

3. Ẹ pín in sí oríṣi mẹ́ta péré. Nínú ìgò 7 yẹn, Riesling 3, wáìnì pupa fẹ́lẹ́ 2, èyí tó ń hó 2. Ẹni tó bá ra ìgò 7 ní oríṣi 7 ti kó ìjà wálé: èyí tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn yóò tán kí Bọ̀dá tó dé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni yóò ṣẹ́ kù.

Ohun tí ata ń ṣe sí wáìnì

Ohun mẹ́rin ló wà nínú wáìnì tí ẹ ní láti mọ̀. Bí ẹ bá ti mọ̀ wọ́n, ẹ lè yan ìgò tí èmi kò dárúkọ rárá.

*Tánìnì.* Ẹ rántí bí obì ṣe ń fa ẹnu jọ, tí ahọ́n á gbẹ bí ìgbà tí ènìyàn lá bébà. Tánìnì nìyẹn. Ara èèpo àti kóró èso àjàrà ló ti ń wá, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nínú wáìnì pupa tó dúdú. Bí ata bá ti wà lẹ́nu, tánìnì á le sí i, á wá korò. Cabernet Sauvignon, wáìnì pupa tó dúdú, kún fún un. Ó dára fún ẹran màlúù sísun tó lọ́ràá, kò dára fún àyà tòlótòló tó gbẹ, ti ìrẹsì oníata ni ká má tilẹ̀ sọ.

*Agbára ọtí.* Wáìnì tó bá ti ń lọ sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń dá kún iná tí ata ti dá sílẹ̀. Ẹ wá èyí tó wà láàárín 8 sí 13.

*Ṣúgà.* Ìwọ̀nba ṣúgà nínú wáìnì máa ń pa iná ata. Ó tún ń jẹ́ kí wáìnì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ cranberry àti ọ̀dùnkún. Wáìnì tí kò dùn rárá máa ń kan gógó lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ dídùn.

*Kíkan.* Ó yẹ kí wáìnì kan díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Òun ló ń fọ òróró àti bọ́tà kúrò lẹ́nu kí ẹ lè tún bu ṣíbí kejì. Láìsí i, wáìnì dídùn á kàn dà bí omi ṣúgà.

Mo fi owó kọ́ ọgbọ́n yìí. Lọ́dún kan, mo na 60 dọ́là sórí Cabernet láti Napa ní Kalifọ́níà, mo gbé e sí àárín tábìlì, mo ń retí ìyìn. Bàbá ìyàwó mi fi jọ̀lọ́ọ̀fù sẹ́nu, wọ́n fi wáìnì mi tẹ̀ lé e, wọ́n gbé gíláàsì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé agbo ibà nìyí ni?" Malt ni wọ́n mu títí ilẹ̀ fi ṣú. Wáìnì náà kò ṣẹ̀ wá. Èmi ni mo mú un lọ bá ọ̀tá rẹ̀.

Àwọn tí mo máa ń rà

*Riesling.* Bó bá jẹ́ ìgò kan ṣoṣo lẹ lè rà, òun ni. Ó ń kan, tánìnì kò sí nínú rẹ̀ tó nǹkan kan, ọtí inú rẹ̀ kì í sábà pọ̀. Ti Ìpínlẹ̀ Washington kò wọ́n, ó sì wà káàkiri. Ti Chateau Ste. Michelle ni ẹ ó tètè rí jù. Ti Finger Lakes ní New York dára, ti Mosel ní Jámánì náà sì dára. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé Riesling kan dùn, òmíràn kò dùn rárá, ìgò wọn sì jọra. Ẹ yí ẹ̀yìn ìgò wò: ọ̀pọ̀ ló ní ìlà kékeré kan tí wọ́n ya síbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti "dry" dé "sweet", pẹ̀lú àmì tó ń fi ibi tí wáìnì náà wà hàn. Àárín ni ẹ fẹ́. Bí ìlà kò bá sí, ẹ wo ìwọ̀n ọtí: Riesling tó bá wà ní 8 sí 11 máa ń ní ṣúgà, èyí tó bá ti ju 12 lọ kì í sábà ní.

*Beaujolais.* Èso àjàrà Gamay ni wọ́n fi ń ṣe é. Pupa ni, àmọ́ ó fẹ́lẹ́, tánìnì rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń ta sánsán bí èso. Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù kọkànlá ni wọ́n ń gbé Beaujolais Nouveau, wáìnì tuntun ìkórè ọdún náà, jáde lọ́dọọdún, ọ̀sẹ̀ kan géérégé ṣáájú Thanksgiving, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tí wọ́n kó o jọ pelemọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò burú, ó ń dá ẹnu lára yá, àmọ́ eré ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi dọ́là díẹ̀ lé owó yín kí ẹ ra Beaujolais-Villages, tàbí èyí tí wọ́n kọ orúkọ abúlé sí lára: Morgon, Fleurie, Chiroubles. Nígbà míì, orúkọ abúlé yẹn nìkan ni ẹ ó rí gàdàgbà lára ìgò; Beaujolais kan náà ni. Bí ẹ bá rí Nouveau ọdún tó kọjá tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

*Wáìnì tó ń hó.* Cava láti Sípéènì, Crémant láti Faransé, Prosecco láti Ítálì. Champagne nìkan ni kí ẹ dúró dè kí ẹlòmíì sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá din tòlótòló yín nínú òróró dípò kí ẹ sun ún, ẹ fi ìgò kan kún irú èyí: híhó rẹ̀ àti kíkan rẹ̀ ló ń gé òróró. Ó sì máa ń bá puff-puff lọ débi pé ẹ ó rò pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é.

*Pinot Noir.* Pupa ni. Ti Willamette Valley ní Oregon ni mo fẹ́ràn. Òun ni àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn sábà máa ń gbé síwájú tòlótòló, wọ́n sì gbà á. Ìṣòro rẹ̀ ni owó: èyí tí owó rẹ̀ kéré kì í sábà dára, ojúlówó sì wọ́n. Fún tábìlì tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n ni.

*Chenin Blanc ti Gúúsù Áfíríkà.* Funfun ni. Bí Riesling bá tán lórí àtẹ, ẹ mú u láìbèèrè.

*Zinfandel.* Wáìnì pupa tó gbajúmọ̀ ní Kalifọ́níà ni, ó sì bá ọjọ́ náà mu dáadáa lójú àwọn onílẹ̀. Àmọ́ ọtí inú rẹ̀ sábà máa ń tó 14 àti àbọ̀ sókè. Ilé tí kò ní ata lórí tábìlì ni mo máa ń gbé e lọ. White Zinfandel, aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó dùn yẹn, ohun míì gbáà ni. Àwọn tó mọ wáìnì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n fi àsun olóòótọ́ sẹ́nu kí wọ́n tó tún rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ara ìgò tó ń tan ènìyàn jẹ

- *Brut*: ṣúgà rẹ̀ kéré gan-an.
- *Extra Dry*: ó dùn ju Brut lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ ń purọ́. Àìmọye ènìyàn ló ti kó sí páńpẹ́ yìí.
- *Demi-Sec*: ó dùn ketekete.
- *Trocken*, lára ìgò Jámánì: kò dùn.
- *Cooking wine*: ẹ má fọwọ́ kàn án. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Inú ìkòkò ló wà fún, kì í ṣe gíláàsì.

Ìgbà tí ó yẹ kí ẹ rà á

Bó bá pẹ́ jù, kó jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà. Òfin ọtí yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ní New York, súpámákẹ́ẹ̀tì kò lè ta wáìnì. Ilé ìtajà ọtí lẹ ó lọ. Ní Texas, súpámákẹ́ẹ̀tì ń tà á, àmọ́ àwọn ilé ìtajà ọtí líle máa ń ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Thanksgiving. Ní Massachusetts, àwọn ilé ìtajà ọtí kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, bí irun yín tilẹ̀ ti funfun: ọdún 21 ni òfin, wọ́n sì lè béèrè.

Bó bá jẹ́ àlejò ni yín, ẹ gbé èyí tó ń hó lọ, kó ti tutù. Ẹ fún ìyá onílé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ má sì retí pé wọn yóò ṣí i níṣojú yín. Ó lè jẹ́ Kérésìmesì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Ọjọ́ náà gan-an

Ká ní agogo 3 ni ẹ ó jẹun.

1. *Alẹ́ Ọjọ́rú.* Ẹ kó wáìnì funfun àti èyí tó ń hó sínú fìríìjì. Mo mọ̀ pé tòlótòló ti gba gbogbo ibẹ̀. Ẹ lo kúlà tí ẹ fi ń lọ pàtí: yìnyín ìlàjì, omi ìlàjì. Ẹ má kó ìgò sílẹ̀ sínú ọkọ̀ mọ́jú bí ẹ bá ń gbé ní Chicago tàbí Minnesota. Bí wáìnì bá dì, á ti kọ́ọ̀kì jáde tàbí kó fọ́ ìgò.

2. *Agogo 2 kọjá ìṣẹ́jú 15.* Ẹ gbé wáìnì pupa sínú fìríìjì náà. Bẹ́ẹ̀ ni, pupa. Ìlànà àtijọ́ pé kí pupa wà bí inú yàrá ṣe rí kò mọ nǹkan kan nípa hítà Amẹ́ríkà tó ń mú ilé dé ìwọ̀n 72 Fahrenheit. Beaujolais fẹ́ nǹkan bí 55. Ìṣẹ́jú 45 tó.

3. *Agogo 2 ààbọ̀.* Ẹ ṣí èyí tó ń hó, kí àwọn tó ti dé máa fi mú ọwọ́ dí nígbà tí oúnjẹ ń gbóná. Ẹ tú wáyà rẹ̀, ìlàjì-ìlàjì yíyí mẹ́fà ni, àtàǹpàkò yín lórí kọ́ọ̀kì láti ìgbà náà lọ. Ẹ dẹ ìgò sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri, ẹ di kọ́ọ̀kì mú, kí ẹ wá máa yí *ìgò*, kì í ṣe kọ́ọ̀kì. Ó yẹ kó kàn mí kanlẹ̀ ni. Bó bá dún gbàmù, tí ó sì fọ́n ká, owó yín ló dà sílẹ̀ yẹn, ojú ẹnìkan sì lè fara gbá a.

4. *Lẹ́yìn àdúrà.* Ẹ gbé funfun àti pupa sórí tábìlì papọ̀, kí olúkúlùkù yan tirẹ̀. Ẹ má dúró máa kọ́ àgbàlagbà pé wáìnì báyìí ni fún ẹran báyìí.

5. *Bíbù.* Ìdámẹ́ta gíláàsì ni kí ẹ bù. Kíkún dẹ́múdẹ́mú wà fún omi.

6. *Omi.* Jọ́ọ̀gì omi méjì lórí tábìlì, kí ẹ máa kún un. Wáìnì kì í pa òùngbẹ ata.

Bí ẹ bá gbàgbé láti fi wáìnì sínú òtútù, ẹ da yìnyín àti omi sínú garawa, ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí i, kí ẹ ri ìgò bọ̀ ọ́ dé ọrùn. Ìṣẹ́jú 20 ti tó. Fírísà náà lè ṣe é, àmọ́ ẹ fi alámù sí fóònù. Gbogbo ẹni tó sọ pé òun á rántí ló ti nu wáìnì dídì kúrò lára ẹja rí.

Fún páì

Òfin kan ṣoṣo: kí wáìnì dùn ju páì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kan lẹ́nu. Tawny Port, wáìnì dídùn tó lágbára láti Potogí, fún páì pekan; Moscato d'Asti, wáìnì funfun dídùn láti Ítálì, fún ti elégédé. Ọtí inú Moscato yìí kò ju bí 5 lọ, ó sì bọ́ sí àkókò tí gbogbo ènìyàn ti yó. Ìgò kan péré tó fún ilé.

Àwọn tí kì í mu ọtí

Kò sí ìdílé Yorùbá tí kò ní wọn: ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ Mùsùlùmí, Màmá tí ìjọ wọn kò fọwọ́ sí ọtí, ẹni tó lóyún, ẹni tó ń lo oògùn, ẹni tí yóò wakọ̀ padà sí Baltimore lálẹ́. Ẹ má fi omi gbígbóná àti Coke nìkan tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Zobo tí a fi ata ilẹ̀ àti kànáfùrù sè, tí ṣúgà rẹ̀ mọ níwọ̀n, ń ṣe gbogbo ohun tí Beaujolais ń ṣe lórí tábìlì yẹn: ó pupa, ó kan, ó sì bá cranberry mu. Fún àwọn ọmọdé, omi ápù tó ń hó, irú ti Martinelli's. Irú gíláàsì wáìnì kan náà ni kí ẹ fi bù ú fún wọn. Bí ẹ bá ra wáìnì tí wọ́n ti yọ ọtí rẹ̀, ẹ sọ fún Mùsùlùmí inú ilé kí ó tó gbé e sẹ́nu, nítorí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì ní ọtí bíńtín.

Ẹ yẹ èyí wò lálẹ́ Ọjọ́rú

- Irin tí a fi ń yọ kọ́ọ̀kì wà, ẹ sì ti dán an wò
- Gíláàsì tó iye ènìyàn. Ti ike kò burú
- Yìnyín, báàgì méjì
- Zobo ti sè, ó ti tutù
- Ẹ ti mọ ẹni tí kò ní mu, tí yóò wakọ̀

Èyí tó ṣẹ́ kù

Ẹ dé ìgò tó ṣẹ́ kù kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fìríìjì, pupa pẹ̀lú. Ọjọ́ 3 sí 5 ni yóò fi dára. Èyí tó ń hó kò ní ju ọjọ́ kejì lọ kí híhó rẹ̀ tó tán, àfi bí ẹ bá ní ìdérí tirẹ̀. Ní tèmi, ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, egungun tòlótòló á ti wà nínú ìkòkò pẹ̀lú ata, iyán gígún á sì ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ìlàjì ìgò Riesling yẹn, mo ti fi pamọ́ sẹ́yìn wàrà kí ẹnikẹ́ni tó jí.